Ta ló ṣe ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù dísù àlòkù tí màá máa fi fa tírélà níbí ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ram nìkan ni kí n rà, torí Cummins ló wà nínú rẹ̀. Ó ní Ford kì í ṣe ẹ́ńjìnnì dísù fúnra rẹ̀, ó ní ti Chevrolet, àwọn ará Japan ló ń bá wọn ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ń ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì yìí gan-an, èwo ni kò sì ní kó àbúrò yín sí gbèsè?"

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ti pẹ́. Ohun tó sọ nípa Ford jóòótọ́ títí di ọdún 2010. Ti Chevrolet, ìdajì ló jóòótọ́, ìdajì yẹn náà sì ti yí padà. Ti Ram ló tọ́, àmọ́ Cummins ọdún 1996 àti Cummins ọdún 2019 kì í ṣe nǹkan kan náà. Orúkọ a máa ro ọmọ, kì í ro ẹ́ńjìnnì. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni kí o kọ́kọ́ bèèrè, kí o tó bi wọ́n léèrè orúkọ.

Ká ti ibi Ram mú un. Cummins dá dúró ní tirẹ̀, ní Columbus, ìpínlẹ̀ Indiana, láti ọdún 1919. Ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ wọn, wọn kì í ṣe píkọ́ọ̀pù. Chrysler rà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sínú píkọ́ọ̀pù Dodge, èyí tó wá di Ram, ti ọdún 1989: sìlíńdà 6 tó tò lórí ìlà kan, lítà 5.9, agbára ẹṣin 160. Ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ oko àti ọkọ̀ akẹ́rù kó tó dé inú píkọ́ọ̀pù, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé wọ́n ṣe é lágbára ju bó ti yẹ lọ. Kíráǹkì rẹ̀ jókòó lórí béárìn 7. Ti V8, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà 8 rẹ̀ tò sí ìlà méjì bíi V, máa ń jókòó lórí 5. Kò sí ṣéènì tàbí bẹ́líìtì tó ń yí kámù rẹ̀, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, irin eléyín ló ń yí irin eléyín. Èyí tó ní fáàfù 12, tí wọ́n ṣe dé ìbẹ̀rẹ̀ 1998, pọ́ǹpù epo rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Tí iná bá ti dé ibi tó ń ṣí epo fún un, ó tán. Mo ti rí ọ̀kan tí ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé mo ń rí kọnkéré láti orí ìjókòó awakọ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Gíá alágbára-ara-rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn láyé ìgbà yẹn ni kò lè bá a rìn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Síbẹ̀, ó ní àléébù tirẹ̀. Irin kékeré kan wà lẹ́yìn ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì, kò ju orí ìka ọmọdé lọ, òun ni wọ́n fi mú kí ilé àwọn irin eléyín yẹn jókòó síbi tó yẹ. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, irin yìí ń yọ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan á jábọ́ sáàárín eyín tó ń yí. Àwọn Amẹ́ríkà ń pè é ní killer dowel pin, o ò nílò kí n túmọ̀ killer. Láti 1989 dé 2002 ló wà. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè lé e lórí ti tó láti dá a dúró, torí náà bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti ṣe é.

Ní àárín 1998, fáàfù di 24, pọ́ǹpù VP44 wọlé, wàhálà sì bá a wọlé. Epo dísù tó ń gba inú pọ́ǹpù yẹn kọjá náà ló ń tù ú, òun náà ló ń fún un ní ọ̀rá. Pọ́ǹpù kékeré tó ń ti epo ránṣẹ́ sí i kò lágbára. Tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, VP44 á máa gbẹ títí á fi kú, o ò sì ní mọ̀ àyàfi tí gèéjì bá wà tó ń fi agbára epo hàn. Àwọn ọdún yẹn kan náà, 1999 sí 2001, ni búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ nọ́ńbà 53 sí lára wà, ó sì máa ń là. Gbé tọ́ọ̀ṣì dání kí o wá nọ́ńbà yẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ fi owó ara mi ra Cummins, ti 2003 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2007 ni màá lọ fún: lítà 5.9 ṣì ni, epo rẹ̀ ti di common rail, ìyẹn ọ̀pá kan ṣoṣo tó ń pín epo alágbára fún gbogbo nọ́sù, kò sì tíì sí asẹ́ èéfín lára rẹ̀. Nọ́sù rẹ̀ tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà wọ́n, mi ò ní purọ́ fún ọ, àmọ́ ìyẹn ni ìnáwó ńlá tí o máa retí.

Lítà 6.7 bẹ̀rẹ̀ ní àárín 2007. Irin rẹ̀ dára. Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn kí èéfín lè dínkù ló ń fìyà jẹ ẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọdún àkọ́kọ́: ẹ̀ẹ́dú á dí tábò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, á dí EGR, ìyẹn ọ̀nà tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bọ́ọ̀tì kékeré kan tún wà lára ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbóná; iná á jẹ ẹ́ títí á fi já, á ṣubú sínú sìlíńdà. Ní 2019 wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo tó ti ń ṣe dáadáa, wọ́n fi CP4 sí i, wọ́n sì ní láti pe àwọn ọkọ̀ 2019 àti 2020 padà, wọ́n padà sí CP3, pọ́ǹpù àtijọ́ yẹn, ní 2021. Màá padà sórí CP4 yìí. Kí ọ̀rẹ́ rẹ má sì rò pé orúkọ Cummins kò lè rí àbààwọ́n: ní ìparí 2023 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san ìtanràn bílíọ̀nù 1.675 dọ́là fún ìjọba lórí ẹ̀sùn pé àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà ń tan ìdánwò èéfín jẹ nínú Ram tó tó 630,000, ti 2013 sí 2019. Ìyẹn kò ní kí ẹ́ńjìnnì má lágbára, àmọ́ ó kan ìwọ tí o fẹ́ rà á: béèrè bóyá ọkọ̀ náà ti gba àtúnṣe tí wọ́n pè é fún.

Ó ku Ford, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Láti 1983, International Harvester, tó di Navistar lẹ́yìn náà, ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísù tí Ford ń gbé sínú píkọ́ọ̀pù ńlá rẹ̀. Power Stroke jẹ́ orúkọ tí Ford fún un ní 1994 láti fi tà á. Àwọn tó ṣe é ń pè é ní T444E, torí ínǹṣì oníhà mẹ́ta 444 ni, èyí tó jẹ́ lítà 7.3. Ọgbọ́n inú rẹ̀ yàtọ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fún ní agbára ńlá ló ń tẹ nọ́sù kí epo lè jáde. Ẹni tó bá ń fi ọ́ìlì dídọ̀tí rìn, nọ́sù ló ń bàjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 7.3 dúró bí igi ìrókò. Sẹ́ńsọ̀ kámù kan wà níwájú rẹ̀ tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀nà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yẹn dáadáa máa ń tọ́jú tuntun kan àti sípánà 10 sínú àpótí iwájú, á pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, á máa lọ.

Òfin èéfín wá le sí i, Navistar sì ṣe 6.0 fún ọdún 2003 sí 2007. Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ. Ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, ó ní ọkọ̀ òun kò ní wàhálà, omi ló kàn ń dín díẹ̀díẹ̀, kí n bá òun wo ibi tó ti ń jò. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ gbẹ, rọ́bà gbẹ. Àmọ́ yí ká ìdérí ike tí omi rédíétọ̀ wà nínú rẹ̀, ohun funfun kan ti gbẹ mọ́ ọn bí ẹfun, ó ti ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ike náà. Omi kò jò, ṣe ni wọ́n ń ti i jáde. Mo so ẹ̀rọ mi mọ́ ọkọ̀, a wà á lọ sí òpópónà fún ogún ìṣẹ́jú. Omi rédíétọ̀ ń fi 196 hàn ní Fahrenheit, ọ́ìlì ń fi 228 hàn. Ìyàtọ̀ tó bá ti ju 15 lọ ti ń bà wá lẹ́rù. Tirẹ̀ jẹ́ 32. Mo ní kó wá ibi jókòó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Kọ́ọ̀là tó ń tu ọ́ìlì wà nínú kòtò àárín V ẹ́ńjìnnì náà, ihò rẹ̀ sì tínrín. Iyanrìn tó ṣẹ́kù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ búlọ́ọ̀kù, àti gédégédé inú omi rédíétọ̀, á dí ihò yẹn. Omi tó ti ibẹ̀ kọjá ló ń lọ tu kọ́ọ̀là EGR, èyí tí èéfín gbígbóná ń gba inú rẹ̀. Omi kò dé mọ́, kọ́ọ̀là EGR á jóná, á là, omi á ya wọ inú ẹ́ńjìnnì. Omi kì í ṣe ohun tí písítìnì lè tẹ̀. Bọ́ọ̀tì tó mú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, kò lè dá agbára yẹn dúró, gáàsíkẹ́ẹ̀tì á ṣí, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á wá máa ti omi jáde láti orí ike. Bó ṣe di ẹfun yẹn nìyẹn. Kọ́ọ̀là kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, tọ́ọ̀pù ló lọ sẹ́wọ̀n. Tún fi àpótí tó ń fún nọ́sù ní iná fóltì 48 kún un. Tó bá ti ń fi 45 tàbí ohun tó kéré sí i hàn láàárọ̀ tútù, nọ́sù náà ti ń jìyà.

Ford àti Navistar jà lórí owó àtúnṣe títí wọ́n fi gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2007, wọ́n parí rẹ̀ ní 2009. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ti tú. Ẹ́ńjìnnì tó kẹ́yìn ìfẹ́ náà ni 6.4, 2008 sí 2010. Má rà á. Mi ò ní àlàyé púpọ̀: epo tí wọ́n ń dà sí i láti fi jó asẹ́ èéfín ń wọ inú ọ́ìlì, iṣẹ́ tó bá sì lágbára díẹ̀, wọ́n á gbé gbogbo ilé awakọ̀ kúrò lórí ọkọ̀ kí ọwọ́ tó dé e. Ìnáwó rẹ̀ á ju owó tí o rà á lọ.

Láti ọdún 2011, Ford fúnra rẹ̀ ló ya 6.7 Power Stroke, òun ló sì ń ṣe é, ní Chihuahua ní orílẹ̀-èdè Mexico. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ti pẹ́ nìyẹn. Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì yìí po: èéfín ń jáde sí àárín V, tábò jókòó síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ìta. Tábò àwọn ọdún àkọ́kọ́ kò pẹ́, àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná èéfín náà sì máa ń dá awakọ̀ láàmú. Láti 2015 ni tábò ti yí padà, ẹ́ńjìnnì náà sì ti di ohun tí mo lè sọ fún àbúrò mi pé kó rà, bí kò bá gbàgbé CP4 tí mo fẹ́ sọ.

Ní ti General Motors (GM), àwọn tó ni Chevrolet, ẹ̀rù tó wà lára ọ̀pọ̀ Amẹ́ríkà nípa dísù, àwọn ló dá a sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Oldsmobile wọn lítà 5.7 tí wọ́n gbé jáde ní 1978 kò ní ohun tó ń yọ omi kúrò nínú epo, bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sì lè gbé agbára dísù. Lẹ́yìn ìyẹn ni 6.2 Detroit Diesel dé ní 1982, ẹ́ńjìnnì tó ń rìn bí àgbàlagbà, tí kò ní agbára ṣùgbọ́n tí kì í mu epo púpọ̀. Ó di ọdún 1998 kí GM àti Isuzu ti Japan tó dá ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì DMAX sílẹ̀ ní Moraine, ìpínlẹ̀ Ohio, GM ní ìdá 60 nínú 100, Isuzu ní 40. Ilé ẹ̀kọ́ dísù ni Isuzu, gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ akẹ́rù wọn mọ̀. Ẹ́ńjìnnì wọn, Duramax lítà 6.6, jáde fún ọdún 2001. Ní 2022 GM ra ìpín Isuzu, gbogbo rẹ̀ wá di tiwọn. Nítorí náà, ará Japan bá wọn ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ní Ohio ni.

Duramax ní orúkọ oríṣiríṣi, nọ́ńbà tàbí lẹ́tà kẹjọ nínú VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ló máa sọ fún ọ èyí tó jẹ́. 1 ni LB7, ti 2001 sí 2004: nọ́sù rẹ̀ ń jò, abẹ́ ìdérí fáàfù ló sì wà, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Àwọn GM fúnra wọn fún nọ́sù yẹn ní àfikún ìdánilójú ọdún 7 tàbí máìlì 200,000. 2 ni LLY. D ni LBZ ti 2006 àti 2007, èyí tí gbogbo wa ń wá, tí àwọn tó ní in kò sì fẹ́ tà. 6 ni LMM, òun ló kọ́kọ́ gbé asẹ́ èéfín. 8 ni LML, 2011 sí 2016, CP4 ló wà nínú rẹ̀. Y ni L5P láti 2017, pọ́ǹpù Denso ló ń lò, ẹ̀mí mi sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Lára Ford náà, ibi kan náà ni kí o wò: F ni 7.3, P ni 6.0, R ni 6.4, T ni 6.7.

CP4 wàyí. Pọ́ǹpù tó ń fún nọ́sù ní epo ni, Bosch ló ṣe é. Inú rẹ̀, ọ̀pá méjì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí kámù, kẹ̀kẹ́ kékeré wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀pá bá yí díẹ̀ kúrò níbi tó kọjú sí, kẹ̀kẹ́ kò yí mọ́, ṣe ló ń fá kámù. Irin tó fá jáde dà bí ìyẹ̀fun fàdákà, á bá epo lọ sínú gbogbo ọ̀pá àti nọ́sù. Pọ́ǹpù ọ̀hún nìkan kọ́ ni wàá pààrọ̀, gbogbo ohun tí epo fọwọ́ kàn ni. Wọ́n ti lò ó ní Yúróòpù, àmọ́ òfin ibẹ̀ kò gbà kí epo dísù jẹ irin ju máíkírọ́ọ̀nù 460 lọ nínú ìdánwò, Amẹ́ríkà gba 520. Epo tó gbẹ díẹ̀ sí i ló ń gba inú rẹ̀ níbí. Ford 6.7 láti 2011, Duramax LML, Ram 2019 àti 2020: wọ̀nyẹn ló ní in. Kò ní kí o má rà wọ́n. Ra èyí tí wọ́n ti yí pọ́ǹpù rẹ̀ sí CP3 tàbí irú rẹ̀, tàbí kí o yọ owó ohun tí kì í jẹ́ kí irin tó fá jáde dé ọ̀dọ̀ nọ́sù kúrò nínú iye tí o fẹ́ san. Má sì jẹ́ kí omi wọ epo rẹ láéláé.

Àwọn kékeré kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. EcoDiesel lítà 3.0 inú Ram 1500, VM Motori ló ṣe é ní Cento ní Ítálì; béárìn ti àkọ́kọ́ kò dára. Duramax lítà 3.0 ti GM, Flint ní Michigan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó dùn-ún wà, àmọ́ bẹ́líìtì tó ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ní máìlì 150,000 lórí èyí àkọ́kọ́, gíá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Tírélà ni o fẹ́ fà, fi wọ́n sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé máìlì 3 ni wàá máa lọ sí ibi iṣẹ́ tí wàá sì padà, má ra dísù kankan tó jáde lẹ́yìn 2007. Asẹ́ èéfín nílò kí ọkọ̀ gbóná, kó rìn jìnnà, kó lè jó ẹ̀ẹ́dú inú rẹ̀. Ẹlòmíràn á sọ fún ọ pé òun ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, pé ọkọ̀ ń fò báyìí. Òfin kò gbà á, ìpínlẹ̀ tó bá sì ń dán èéfín wò kò ní fún ọ níwèé. Owó láti dá a padà, ìwọ ni wàá san án.

Bá mi ṣe báyìí tí o bá rí ọ̀kan tó wù ọ́. Wo wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti jí, kì í ṣe máìlì nìkan; wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ kò rìn, àwa máa ń kà á sí máìlì 25 sí 30. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, dojú rẹ̀ dé, gbé e lé ihò náà láì dè é. Tó bá kàn ń jó níbẹ̀, ó dára. Tí afẹ́fẹ́ bá ta á dànù, písítìnì ti gbó. Gbóòórùn ọ́ìlì: tó bá ń rùn bí dísù, nọ́sù ń jò sínú rẹ̀. Pàtàkì jù ni pé kí ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tí o bá dé. Fi ọwọ́ kan án kí o tó bèèrè kọ́kọ́rọ́. Tó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti tan án kí o tó dé. Sọ fún un pé wàá padà láàárọ̀ ọ̀la, kó má fọwọ́ kàn án.